Ẹni Tí Ó Kọ́kọ́ Kó Èsúsú

Àlùfáà Samuel Johnson sọ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921: àwọn ènìyàn a dá iye owó kan náà ní ọjọ́ tí wọ́n fi àdéhùn sí, olórí a sì kó o fún ẹnì kan, títí yóò fi kárí. Bí ènìyàn 10 bá ń dá náírà 2,000 ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, náírà 20,000 ni ẹni tí ó kàn yóò kó. Kò sí èlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ti di ajigbèsè náírà 18,000, ẹni ìkẹyìn ni ó yá gbogbo àwọn yòókù lówó. Nítorí náà ni olórí tí ó gbọ́n ṣe ń fi ẹni tuntun sí ẹ̀yìn. Kì í ṣe ìkórìíra. Kí ènìyàn tó kó, kì í pẹ́ dé. Nígbà tí ó bá kó tán ni òjò ń dí i lọ́nà, tí orí sì ń fọ́ ọ. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ fi tirẹ̀ ra èbù, oṣù púpọ̀ ni yóò dúró kí iṣu náà tó ta. Kí ó ti mọ ibi tí owó ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yóò ti wá, ìbáà ṣe epo, ìbáà ṣe ẹ̀fọ́, ìbáà ṣe adìẹ.