Èkó sí Bàhíà: Bí Ó Ti Jìn Tó àti Wákàtí Tó Ń Gbà

Bàlúù tó gbéra ní Ìkẹjà, tó forí lé Lọ́ndọ̀nù, yóò fò tó 5,000 kìlómítà kó tó balẹ̀ ní Heathrow. Bó bá jẹ́ ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, tó tẹ̀ sí gúúsù díẹ̀, tó sì la òkun Àtìláńtíìkì kọjá dé Salvador, olú ìlú Bàhíà ní Bràsíl, nǹkan bí 5,090 kìlómítà ni, ìyẹn 3,160 máìlì. Ohun tí ọ̀kan fi ju èkejì lọ kò tó ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn!

Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, torí Lọ́ndọ̀nù lojú wa ti mọ́. Ojoojúmọ́ ni bàlúù ń lọ síbẹ̀, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ló sì ń gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bàhíà ìbá rí. Aago wọn fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa: ẹni tó kúrò l'Ékòó láago mẹ́jọ òwúrọ̀ ìbá balẹ̀ láago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí bàlúù èrò tó ń ti Èkó lọ Salvador tààrà. Ẹni tó bá gba Addis Ababa yóò kọ́kọ́ fò ju 3,900 kìlómítà lọ sí ìlà-oòrùn, tó kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Láti ibẹ̀ dé São Paulo lé ní 9,900. São Paulo dé Salvador tó 1,450. Ẹ rò ó pọ̀: ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tààrà. Bí a bá ro ìdúró ní pápákọ̀ méjèèjì mọ́ ọn, ó máa ń ju ọjọ́ kan lọ. Bàlúù ń ti Lisbon lọ Salvador, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni yóò ní láti kọ́kọ́ gba físà, kódà bí wọn ò ní fẹsẹ̀ kan ìgboro.

Ó dùn mí pé ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ mọ ọ̀nà yìí jù wá lọ. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló ń lò lórí omi, ṣùgbọ́n ó ń ti Bàhíà wá sí Èkó tààrà. Ọ̀nà yìí ni àwọn Àgùdà tó bọ́ lóko ẹrú gbà padà wálé, tí wọ́n fi ní àdúgbò tiwọn ní erékùṣù Èkó. Òun náà ni Martiniano Eliseu do Bonfim tọ̀, ọmọ Bàhíà tí bàbá rẹ̀ mú wá sí Èkó ní 1875. Ó lo nǹkan bí ọdún mọ́kànlá níbí, ó kàwé, ó kọ́ Ifá, ó sì padà lọ di babaláwo tí gbogbo Salvador ń wárí fún.

Ní oṣù Kẹjọ 2025, Nàìjíríà àti Bràsíl fọwọ́ sí àdéhùn kí bàlúù lè máa fò tààrà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. São Paulo ni wọ́n ń wò, 6,350 kìlómítà sí Èkó, bíi wákàtí mẹ́jọ. Ẹni tó ń lọ sí Bàhíà yóò ṣì wọ bàlúù mìíràn níbẹ̀, kó fò fún wákàtí méjì ààbọ̀ padà síhà ọ̀dọ̀ wa.