Dókítà Inú Àpótí Ọlọ́pàá

Eré kan wà tí ènìyàn wò ní kékeré, tí kì í fẹ́ tún fi ojú kàn mọ́ nígbà tí ó bá dàgbà tán. Kì í ṣe pé ó kórìíra eré náà. Ohun tí ó ń bẹ̀rù ni pé adùn tí òun ti fi pamọ́ sí ọkàn láti ọjọ́ pípẹ́ lè di ìkorò nígbà tí ojú àgbà bá kàn án. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni Doctor Who, eré àròsọ tí ilé-iṣẹ́ BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 1963. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni wọ́n yìnbọn pa John Kennedy, ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sí lára eré rárá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, BBC sì tún apá kìíní fi hàn ní ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n tó gbé apá kejì jáde.

Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà lè rò pé eré oníṣègùn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tí à ń wí yìí kì í di abẹ́rẹ́ mú, kì í sì í kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni. Ará ayé mìíràn ni, arìnrìn-àjò tí ó ń ti ìgbà kan bọ́ sí ìgbà mìíràn, tí ó lè jẹun òwúrọ̀ ní ìgbà ayé àwọn ọba Róòmù, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì ṣú bá a ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àkọlé eré náà fi dà bí ìbéèrè. Ọkọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní TARDIS, jọ àpótí ọlọ́pàá, ìyẹn àgọ́ kékeré aláwọ̀ búlúù tí ó wọ́pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, tí ará ìlú lè fi tẹlifóònù ara rẹ̀ ké sí ọlọ́pàá. Bí a bá wò ó lóde, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni yóò kún un. Bí a bá ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, gbọ̀ngàn ńlá ni à ń wọ̀. Nínú ìtàn, ó yẹ kí ọkọ̀ yìí máa pa àwọ̀ dà bí ọ̀gà níbikíbi tí ó bá balẹ̀ sí, kí ó di òpó láàrin òpó, kí ó di àpáta láàrin àpáta. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ó ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà ni ó bàjẹ́. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé owó kò sí: àwọn tí ó ń ṣe eré kò lè máa kan ọkọ̀ tuntun ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Sydney Newman, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka eré ní BBC, wà lára àwọn tí ó dá èrò eré náà sílẹ̀. Ó fi í lé Verity Lambert lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 27, ní ìgbà tí kò wọ́pọ̀ rárá kí obìnrin jẹ́ olóòtú eré. Waris Hussein, ẹni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Íńdíà, ni ó darí ìtàn àkọ́kọ́. Ohun tí Newman fẹ́ ni kí àwọn ọmọdé rí ẹ̀kọ́ kọ́: bí Dókítà bá padà sẹ́yìn, kí wọ́n kọ́ ìtàn ayé àtijọ́, bí ó bá lọ síwájú, kí wọ́n kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó kìlọ̀ pé òun kò fẹ́ rí iwin olójú ràbàtà kankan.

Kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ tí àwọn Dalek fi dé. Terry Nation ni ó kọ ìtàn wọn, Raymond Cusick ni ó sì ya àwòrán bí wọn yóò ṣe rí. Ẹni tí kò bá rí Dalek rí, kí ó fi ojú inú wo agolo ata kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn, tí ó ń yọ́ lọ lórí ilẹ̀ láìní ẹsẹ̀, tí ó ní ojú kan ṣoṣo lórí ọ̀pá, tí apá rẹ̀ kan jẹ́ ìbọn, tí èkejì sì jọ rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ojú ihò omi nígbà tí ìdọ̀tí bá dí i. Ó yẹ kí ó pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fi ohùn irin rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n pa ènìyàn run, ẹ̀yìn àga ìrọ̀gbọ̀kú ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sá sí, tí wọn yóò sì máa yọjú wò ó láti ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó ti sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀ rí nígbà tí egúngún ń bọ̀, tí kò sì fẹ́ kí egúngún náà kọjá lọ láìjẹ́ pé òun rí i, mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Òṣèré kan ni ó jókòó sínú Dalek, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń tì í kiri. Ohùn tí ó sì ń jáde kì í ṣe tirẹ̀, nítorí ẹlòmíràn ni ó ń fọhùn láti ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohùn gan-an ni ó gbé eré yìí ró ju àwòrán lọ. Ron Grainer ni ó kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Delia Derbyshire ni ó sọ ọ́ di ohun tí etí gbọ́. Kò lo ẹgbẹ́ onílù tàbí onífèrè kankan. Ó gba àwọn ìró kéékèèké sílẹ̀ lórí téèpù, ó gé wọn, ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi di orin tí ó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ayé mìíràn ni ó ń kọ ọ́. Grainer fẹ́ kí orúkọ obìnrin náà wà pẹ̀lú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà BBC nígbà náà kò gbà á. Ní ti ìró ọkọ̀ TARDIS nígbà tí ó bá ń gbéra, Brian Hodgson ni ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé, tí ó fi ha wáyà inú dùùrù àtijọ́.

Àwòrán ńkọ́? Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di méjì. Nínú ìtàn kan tí wọ́n fi hàn ní 1965, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Web Planet, àwọn òṣèré wọ ẹ̀wù kòkòrò ńlá tí kò jẹ́ kí wọ́n ríran dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn sáré, ó sì fi orí gbá ẹ̀rọ ayàwòrán. Kò sí àyè láti tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í hàn. Ní 1974, wọ́n ní àwọn ẹranko ńláńlá ayé àtijọ́ gba ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ọmọlangidi ni wọ́n, ó sì hàn gbangba pé ọmọlangidi ni wọ́n. Ní 1975, ọ̀rá alátẹ́gùn tí a fi ń di ẹrù ẹlẹgẹ́ ni wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n fi wé ọwọ́ òṣèré, tí wọ́n ní ara ọkùnrin náà ti ń di ara kòkòrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹ̀rù tí òṣèré náà fi ojú rẹ̀ hàn nígbà tí ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀rá, ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ó wò ó ní ọjọ́ náà kò sì rí ọ̀rá kankan.

Ní 1966, àìlera William Hartnell, ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe Dókítà, ń pọ̀ sí i. Wọn kò pa Dókítà nínú ìtàn, wọn kò sì wá ẹni tí ó jọ Hartnell. Ó ṣubú lulẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bo ojú rẹ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ náà sì ká, Patrick Troughton ni ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe àkúdàáyà, nítorí kò lọ sí ìlú tí wọn kò mọ̀ ọ́n. Kì í sì í ṣe Babátúndé, nítorí kò tún inú obìnrin kankan gbà wá. Ènìyàn kan náà ni, pẹ̀lú ara mìíràn àti ìwà mìíràn. Ọgbọ́n tí wọ́n fi bo àìsàn òṣèré kan ni ó wá di ẹ̀mí gígùn fún eré náà. Lẹ́yìn Troughton ni Jon Pertwee dé ní 1970, tí eré náà sì bọ́ sí àwọ̀ mèremère, lẹ́yìn rẹ̀ ni Tom Baker, láti 1974 sí 1981, tí ìborùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Aránṣọ tí wọ́n kó òwú fún láti hun ìborùn náà kò mọ̀ pé kò yẹ kí òun lo gbogbo rẹ̀ tán. Eré náà dáwọ́ dúró ní 1989, ó padà ní 2005.

Ìrántí kò lè jẹ́ dídùn nìkan, pàápàá fún aláwọ̀ dúdú. Nínú The Tomb of the Cybermen, ti 1967, aláwọ̀ dúdú kan wà tí ń jẹ́ Toberman, Roy Stewart ni ó ṣe é. Ìránṣẹ́ ni, alágbára ni, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan títí ó fi kú láti gba àwọn yòókù là. Ní 1977, nínú The Talons of Weng-Chiang, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì kà sí ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí ó dára jù lọ, aláwọ̀ funfun ni wọ́n kùn lójú láti ṣe ará Ṣáínà tí ó jẹ́ òpó nínú ìtàn náà. Ọmọdé tí ó wò ó nígbà náà lè máà fura. Kò sí bí àgbà yóò ṣe wò ó láìfura. Eré tí akọni rẹ̀ lè di ẹnikẹ́ni pẹ́ kí ó tó di aláwọ̀ dúdú: Jo Martin ṣe Dókítà ní 2020, Ncuti Gatwa, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Rwanda, sì gba ipò náà ní 2023.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń jiyàn lórí dídára eré àtijọ́ wọ̀nyí kò lè tún wọn wò. BBC fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa wọ́n rẹ́. Téèpù gbówó lórí nígbà náà, ó sì ṣeé tún lò. Àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn òṣèré kò jẹ́ kí eré ṣeé tún fi hàn lọ títí. Nígbà tí àwọ̀ mèremère sì dé, ta ni yóò tún béèrè eré aláwọ̀ dúdú àti funfun? Ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, apá 253 ni wọ́n ṣe. Kí wọ́n tó dáwọ́ ìparun náà dúró ní 1978, ọ̀pọ̀ ti lọ. Ohun tí ó kù nínú gbogbo wọn láìyọ ọ̀kan sílẹ̀ ni ohùn, nítorí àwọn ọ̀dọ́ kan ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nílé wọn, wọ́n sì ń bẹ ará ilé pé kí wọ́n dákẹ́.

Kí wọ́n tó pa téèpù rẹ́ ni wọ́n ti ṣe àdàkọ sórí fíìmù fún títà sí òkè òkun, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó rà á. Ìlànà ni pé bí ilé-iṣẹ́ kan bá fi fíìmù hàn tán, kí ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, tàbí kí ó dá a padà, tàbí kí ó run ún. Láàrin 1984 sí 1985, àwọn apá kan nínú The Time Meddler àti The War Machines padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti Nàìjíríà. Ní 2013 ni èyí tí ó tóbi jù ṣẹlẹ̀. Philip Morris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń wá fíìmù tí ó sọnù káàkiri àgbáyé, ti rí àwọn agolo fíìmù nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní ìlú Jos, eruku ti bò wọ́n. Apá 11 ni wọ́n jẹ́, 9 nínú wọn ni kò sí níbòmíràn lórí ilẹ̀ ayé tí a mọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó kọ̀ láti tẹ̀lé ìlànà ìparun náà ní Jos, yálà nítorí ìmọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni tàbí nítorí ìgbàgbé, òun ni ó ṣe BBC ní oore tí BBC kò ṣe fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìwárí yìí, 97 ni ó ṣì sọnù ní ọdún náà.

Ohun tí ó ṣe àjèjì ni bí ìwárí ṣe ń dá ìrántí lẹ́jọ́. Láti nǹkan bí ogún ọdún ni àwọn olólùfẹ́ eré yìí ti ń yin The Tomb of the Cybermen pé kò sí irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n rí i ní Hong Kong, tí ó sì padà sí ọjà ní 1992, wọ́n rí wáyà tí ó gbé Toberman sókè, wọ́n rí i pé òfìfo ni ẹ̀wù irin tí wọ́n ní Cyberman wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn rọlẹ̀. The Enemy of the World, ọ̀kan nínú ẹrù Jos, jẹ́ òdìkejì. Apá kan péré ni ó kù nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe kà á sí eré aláìdùn. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ pé ni wọ́n rí Troughton bí ó ti ṣe ènìyàn méjì nínú rẹ̀, Dókítà àti Salamander ọ̀dàlẹ̀, tí ìrìn àti ohùn wọn yàtọ̀ pátápátá síra. Àwọn tí ó ti ń kẹ́gàn rẹ̀ láìrí i kọ ìwé tuntun.

Èkejì nínú ẹrù Jos ni The Web of Fear, ti 1968, níbi tí àwọn ẹ̀dá onírun ti gba ihò ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Apá 6 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Apá kẹta kò sí nínú ohun tí ó dé ọwọ́ BBC. Ohùn rẹ̀ wà, àwọn fọ́tò díẹ̀ wà, ní 2021 ni wọ́n sì ya àwòrán tí ń rìn láti bá ohùn náà lọ. Nínú apá kẹta yìí ni Lethbridge-Stewart ti kọ́kọ́ wọlé, ọmọ ogun onírunmú tí Nicholas Courtney ṣe, tí ó di ọ̀rẹ́ Dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá ń wo eré náà lónìí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò rí àwòrán tí wọ́n yà. Ìgbà tí apá kẹrin bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò tó rí ojú ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.