Nígbà tí Ìjọba Bá Béèrè Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Òbí

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ìjọba gbé àbá jáde láti tún ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe ní England ṣe: ọmọ tó ní ọ́tísímù, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò tètè yọ lẹ́nu rẹ̀, ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú. Wọ́n fẹ́ kó di dandan kí òbí tí kò gba ìpinnu káńsù kọ́kọ́ lọ síbi ìlàjà kó tó lè pẹjọ́. Ọ̀pọ̀ òbí kọ̀wé pé ìdádúró nìyẹn máa fà, ọmọ ló sì máa jìyà rẹ̀. Nígbà tí ètò tí ìjọba ṣe lẹ́yìn àbá náà jáde ní oṣù Kẹta 2023, ìjọba ti pa dandan yẹn tì.

Ìwé táwọn òbí kọ kò ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé Yorùbá ní Peckham àti káàkiri London. Ní oṣù Kìíní 2025, àwọn ọmọ àti ọ̀dọ́ tó ní EHCP, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú tí káńsù ń ṣe fún ọmọ, ti lé ní 638,000 ní England. Òfin ọdún 2014 ló dá ìwé yìí sílẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì kọ síbẹ̀ pé ọmọ nílò nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, káńsù gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀.

Àbá kì í ṣe òfin. Bí àríyànjiyàn bá ń lọ lọ́wọ́, òbí ṣì lè kọ̀wé sí káńsù pé kí wọ́n yẹ ọmọ òun wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n máa ṣe é. Bí ọmọ bá máa gba EHCP, ọ̀sẹ̀ 20 ni òfin fún wọn láti parí rẹ̀. Kí òbí má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kó dúró títí òfin tuntun á fi dé.

Bí ìjọba bá ń béèrè èrò lórí àbá, kò pọn dandan kí òbí dáhùn gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá kọ. Kó mú èyí tí ojú rẹ̀ ti rí, kó sọ ọjọ́ tó kọ lẹ́tà, ọjọ́ tí èsì dé, àti ohun tí ọmọ pàdánù láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kó sọ bí àbá tuntun ì bá ṣe ran ọmọ náà lọ́wọ́ tàbí ṣe é ní jàǹbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara ẹni sàn ju lẹ́tà tí ọgọ́rùn-ún èèyàn dà kọ lọ. Kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣòfin àdúgbò rẹ̀. Bí èdè ìwé ìjọba bá ta kókó, káńsù kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń pè ní SENDIASS, tó ń la òbí lọ́yẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìtìjú ń pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ inú ilé wa ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn òbí kan kò jẹ́ kí ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn pàápàá gbọ́ pé ọmọ wọn nílò ìrànlọ́wọ́. Òbí lè dáhùn láìdárúkọ ọmọ rẹ̀ rárá. Kó sì bi ọmọ náà léèrè: kí ló ń ràn án lọ́wọ́ ní kíláàsì, kí ló ń dẹ́rù bà á? Ó yẹ kí ìdáhùn tirẹ̀ wà nínú ìwé tí òbí máa fi ránṣẹ́.

Ẹni tí kò lè ka ìwé àbá náà bó ṣe wà lè béèrè irú èyí tó máa rọrùn fún un. Ní 2022, ọjọ́ 1 oṣù Keje ni wọ́n kọ́kọ́ fi parí ìpè fún èrò. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 22 oṣù náà, kí àwọn tó nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè rí àyè dáhùn.