Orí pípé: kí ni ọmọ jogún, kí ni ayé fi kún un?

Àwọn àgbà ní ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Àwọn àgbà yìí kan náà ló ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ó ti lé ní 150 ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń fa ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́: bí orí ọmọ kan ṣe ń yá ju ti èkejì lọ, ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá ni, àbí ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ? Ìdáhùn ti ń yọjú báyìí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń kà á sódì, kíkà sódì ọ̀hún sì ti ṣe èèyàn léṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Ní Paris lọ́dún 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon gbé ìdánwò kan jáde tí wọ́n fi ń mọ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó nílò ìrànlọ́wọ́. Binet kò gbà rárá pé máàkì tí ọmọ gbà lónìí ni yóò máa gbà títí ayé. Ó ní bí wọ́n bá kọ́ ọ bó ṣe yẹ, orí rẹ̀ á ṣí sí i. Àwọn tó gbé ìdánwò náà lọ sí Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń ya èèyàn sọ́tọ̀. Lọ́dún 1927, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Buck v. Bell, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fọwọ́ sí i pé ìjọba ìpínlẹ̀ Virginia lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí wọ́n bá ti pè ní aláìpé-ọpọlọ kó má lè bímọ mọ́, nítorí wọ́n ní ìran ni. Ó lé ní 60,000 èèyàn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Irú ìdánwò Binet yẹn ló di IQ tí gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí máàkì àárín lè jẹ́ 100, kí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn èèyàn sì bọ́ sáàárín 85 sí 115. Kò lè wọn ọgbọ́n tí ìyálọ́jà fi ń yanjú ẹjọ́ láàárín oníbàárà méjì, kò sì lè wọn ìwà. Síbẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ, torí pé ó bá bí èèyàn ṣe ń ṣe sí nílé ìwé àti lẹ́nu iṣẹ́ mu dé àyè kan.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí ti wá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìgbó-Ọrà àti agbègbè rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí 45 nínú 1000 ìbí níbẹ̀ ló jẹ́ ìbejì, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibòmíràn láyé tó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni púpọ̀ jù nínú Táyé àti Kẹ́hìndé tiwa ti wá. Wọn kò bára wọn tan ju tẹ̀gbọ́n tàbúrò lásán lọ. Ìbejì tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì, irú èyí tí ìyá wọn gan-an fi ń ṣì wọ́n pè, kò ju nǹkan bí mẹ́rin nínú 1000 ìbí lọ, bó sì ṣe rí lọ́dọ̀ wa náà ló rí níbi gbogbo. Àwọn wọ̀nyí ni jíìnì wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Jíìnì ni ìlànà tí bàbá àti ìyá fi sínú ara ọmọ, òun náà sì ni wọ́n ń wò fún àwọn àfẹ́sọ́nà tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò genotype.

Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá ni pé kí wọ́n fi oríṣi ìbejì méjèèjì wéra. Inú ilé kan náà ni orísìí ìbejì kọ̀ọ̀kan ti jọ dàgbà. Bí máàkì àwọn ẹlẹ́yin-kan bá sún mọ́ra ju ti àwọn ẹlẹ́yin-méjì lọ, á jẹ́ pé jíìnì lọ́wọ́ sí i. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Thomas Bouchard ní yunifásítì Minnesota tún lọ wá àwọn ìbejì tí wọ́n pín níyà láti kékeré, tí kálukú dàgbà nílé ọ̀tọ̀. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1990, ó ní nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lórí IQ ló bá jíìnì tan. Àwọn alátakò rẹ̀ dáhùn pé àwọn ilé tó gba àwọn ọmọ náà tọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, òótọ́ sì wà nínú àtakò yẹn.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti ọjọ́ orí. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2010 lórí ìbejì orísìí 11,000 láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ìpín tí wọ́n kà sí ti jíìnì jẹ́ 41 nínú 100 fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, 55 fún ọmọ ọdún 12, ó sì di 66 nígbà tí wọ́n pé ọdún 17. Èèyàn á rò pé bí ayé bá ṣe ń kọ́ ọmọ sí i ni ipa ẹ̀jẹ̀ á máa dínkù. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ṣe ń dàgbà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan ayé tó fẹ́. Ọmọ tí ìwé ń dùn mọ́ á máa yá ìwé kiri, olùkọ́ á fa á mọ́ra, á yan ọ̀rẹ́ tó jọ ọ́. Ìfẹ́ kékeré tó bá a wáyé á kó ìrànlọ́wọ́ ńlá wá bá a, àwọn onímọ̀ á sì ka gbogbo rẹ̀ mọ́ jíìnì.

Ibí ni kíkà sódì ti ń wọlé. Bí wọ́n bá ní ìdá 50 nínú 100 jẹ́ ti jíìnì, wọn kò sọ pé ààbọ̀ orí rẹ ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ wá, tí ààbọ̀ yòókù sì ti ilé ìwé wá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn èèyàn kan, níbì kan, lásìkò kan, ni wọ́n ń pín. Lọ́dún 1970, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Richard Lewontin fi irúgbìn àgbàdo ṣàlàyé rẹ̀. Bu ẹ̀kúnwọ́ méjì nínú àpò àgbàdo kan náà. Gbin ọ̀kan sílẹ̀ ọlọ́ràá, kí o gbin ìkejì síbi tí ilẹ̀ ti ṣá. Nínú oko kọ̀ọ̀kan, bí èèhù kan ṣe ga ju èkejì lọ, irúgbìn ló fà á, torí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí oko kìíní ṣe ga ju oko kejì lọ, ilẹ̀ nìkan ló fà á.

Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2003, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Eric Turkheimer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ìbejì ọmọ ọdún méje ní Amẹ́ríkà. Nínú ilé olówó, jíìnì ló ṣàlàyé púpọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ IQ wọn. Nínú ilé tálákà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàlàyé nǹkan kan. Ìṣẹ́ ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó gbìyànjú irú ìwádìí yìí ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù kò rí i bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, kò yani lẹ́nu, nítorí ìṣẹ́ ibẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti Amẹ́ríkà.

Àwọn míì á ní ohun tó bá ti jẹ́ ti jíìnì kò gbóògùn. Ìtàn ìyá kan ní Norway já wọn nírọ́. Lọ́dún 1934, obìnrin yìí tọ Asbjørn Følling lọ, dókítà tó tún mọ̀ nípa kẹ́míkà. Ọmọ méjì ló bí, ọpọlọ àwọn méjèèjì kò dàgbà bó ṣe yẹ, òórùn kan sì ń jáde lára wọn tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé. Ó ti kiri ọ̀dọ̀ dókítà títí. Følling kán kẹ́míkà kan sínú ìtọ̀ wọn, ìtọ̀ náà sì di àwọ̀ ewé ṣíṣú, èyí tí kò rí rí. Ó ní kí ìyá wọn dá gbogbo oògùn dúró, kó tún gbé ìtọ̀ mìíràn wá. Àwọ̀ ewé náà ló tún jáde.

PKU ni wọ́n ń pe àìsàn náà lónìí. Jíìnì kan ṣoṣo ló bàjẹ́, ọmọ sì gbọ́dọ̀ gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kó tó mú un, bó ṣe rí nínú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde (SS). Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè lo èròjà kan tó wà nínú ẹran, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà. Èròjà ọ̀hún á gbára jọ, á sì ba ọpọlọ jẹ́. Àjogúnbá pátápátá ni. Síbẹ̀, ní Birmingham láàárín ọdún 1951 sí 1953, dókítà Horst Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe oúnjẹ kan tí wọ́n ti yọ èròjà náà kúrò, wọ́n fún ọmọdébìnrin kan. Ọmọ tó ti ń dá sunkún lórí ìdùbúlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rá, ojú rẹ̀ là. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, ọmọ tí wọ́n bá tètè rí i lára rẹ̀ á dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀, bó bá ṣáà ti ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Jíìnì rẹ̀ kò yí padà. Oúnjẹ ló yí.

Orí pípé kò rí bíi genotype o. Kò sí jíìnì ọgbọ́n kan tí èèyàn lè lọ yẹ̀ wò. Ìwádìí tó tóbi jù lórí iye ọdún tí èèyàn lò nílé ìwé, tó jáde lọ́dún 2022, kó èèyàn bíi mílíọ̀nù mẹ́ta jọ. Nǹkan bí ibi 4,000 nínú àjogúnbá wa ni wọ́n rí tó lọ́wọ́ sí i, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì tó nǹkan. Bí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò ṣàlàyé ju ìdá 12 sí 16 nínú 100 lọ, àwọn tí ìran wọn wá láti Yúróòpù ni wọ́n sì fi ṣe é. Ó sì ń dùn mí, torí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá wà nínú ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí: 90 èèyàn láti Ìbàdàn wà lára 270 tí wọ́n fi ya àwòrán ìyàtọ̀ jíìnì aráyé nínú iṣẹ́ HapMap.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe lágbára tó, kó wo Nẹ́dálándì. Láàárín ọdún 1952 sí 1982, máàkì àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ ológun níbẹ̀ fi nǹkan bí 20 gòkè lórí irú ìdánwò kan náà. Onímọ̀ kan, James Flynn, ní New Zealand ló pe àfiyèsí ayé sí i, ó sì fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní orílẹ̀-èdè 14. Jíìnì àwọn ará ìlú kan kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìran bàbá sí ìran ọmọ. Ilé ìwé, oúnjẹ àti irú iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ló yí.

Ayé tún lè fa ọmọ sẹ́yìn. Nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kó ọmọ tí òbí já jù sílẹ̀ sí nígbà kan ní Bucharest, lórílẹ̀-èdè Romania, òṣìṣẹ́ kò tó nǹkan. Ọmọ á sùn, á jí, kò sẹ́ni tí yóò gbé e, kò sẹ́ni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2001, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah, mú ọmọ 136, wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n kó ìdajì lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé bí ọdún mẹ́rin ààbọ̀, àwọn tó kù sínú ilé náà ń gba bíi 73, àwọn tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ń gba 81, àwọn ọmọ ìlú tí kò wọ ibẹ̀ rí ń gba 109. Àwọn tí wọ́n tètè gbé jáde, kí wọ́n tó pé ọdún méjì, ló jèrè jù.

Nítorí náà, ẹni tó bá fi máàkì IQ pe ìran aláwọ̀ dúdú ní aláìlọ́gbọ́n kò ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Ní Jámánì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Klaus Eyferth dán àwọn ọmọ tí sójà àjèjì, tí púpọ̀ jù jẹ́ ti Amẹ́ríkà, bí fún obìnrin Jámánì wò. Àwọn tí bàbá wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú gba bíi 96.5, àwọn tí bàbá wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun gba 97.

A kò lè yan jíìnì fún ọmọ, ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ wà níkàáwọ́ wa. Ẹ ra iyọ̀ tí wọ́n fi áyódìn sí, kí ẹ sì máa dé e, pàápàá bí aboyún bá wà nílé. Àìtó áyódìn tó ń fa gẹ̀gẹ̀ náà ló ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ láti inú oyún. Ẹ ṣọ́ra fún òjé. Ní Zamfara lọ́dún 2010, eruku òjé tó jáde lára òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé pa ó kéré tán 400 ọmọ, ọ̀pọ̀ tó yè é sì ń fi ọpọlọ jìyà rẹ̀. Bí wọ́n bá ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ nítòsí ilé tàbí ilé ìwé yín, ẹ gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún òjé, kí ẹ sì fi ẹjọ́ ibẹ̀ sun ìjọba.