Ọ̀rọ̀-Ìperí Mẹ́ta àti Ìyè Ẹja: Lórí Pípààrọ̀ Táǹkì Ẹja Ẹlẹgẹ́ Lójijì

Bí ọ̀rọ̀-ìperí kan kò bá gún nínú ìwé ẹ̀kọ́, ohun tí a sábà máa ń rò ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣì í lóye, olùkọ́ yóò sì tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Iṣẹ́ kan wà tí kò gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Bí táǹkì onídígí tí a ń sin ẹja sí bá sán lójijì, tí a sì ní láti kó ẹja inú rẹ̀ sí òmíràn lọ́jọ́ náà gan-an, ohun tí ẹni tí ń sin ẹja bá kà nínú ìwé ìlànà ni yóò ṣe. Bí ògbufọ̀ bá ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun méjì, ẹja lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹja tí a mú ni cardinal tetra, Paracheirodon axelrodi, ẹja kékeré aláwọ̀ búlúù àti pupa tí kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Odò Rio Negro ní ilẹ̀ Bùràsíìlì wà lára ibi tí a ti ń rí i. Omi odò náà dúdú bí omi àgbo, iyọ̀ ilẹ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì kan: pH rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin 4 sí 5. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù, ní tirẹ̀, ti gba inú òkúta ẹfun kọjá. Iyọ̀ kálísíọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀, pH rẹ̀ sì ju 7 lọ. A fi pH sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí pé bí a bá pè é ní ‘ìwọ̀n-kíkan’, òǹkàwé yóò rò pé bí iye bá ti ń ga ni omi ń kan sí i. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́: omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 5 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 6 lọ.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni ìmúmọ́lára. Iyọ̀ inú ara ẹja omi odò pọ̀ ju ti omi tí ó yí i ká lọ. Nítorí náà, omi ń wọ inú rẹ̀ láìdúró gba ẹ̀yà tí ó fi ń mí. Ẹja ń tọ̀ ọ́ jáde, ó sì ń gba iyọ̀ padà díẹ̀díẹ̀ láti inú omi. Bí omi ìta bá yí padà lójijì, ètò yìí yóò dàrú kí ara tó rí àyè tún un tò. Àwọn kan lè dábàá ‘ìmọ́lára’, ṣùgbọ́n ohùn kan péré ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ìmọ̀lára’; ‘mú’ tí a fi kún un ń fi hàn pé ẹnìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí táǹkì bá sán, kí a kó ẹja sínú korobá pẹ̀lú omi táǹkì àtijọ́ fúnra rẹ̀, kí a jẹ́ kí ìgbóná omi méjèèjì dọ́gba, kí a sì máa fi omi tuntun kán sí i fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí ẹ̀sọ̀ ń pa ẹja, ọ̀rọ̀ kejì ni ó sì fi í hàn: amóníà àti amóníọ̀ọ̀mù. Bí ẹja bá ti wà nínú àpò ọ̀rá dídì fún ọjọ́ kan tàbí méjì láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀gbin ara rẹ̀ yóò ti pọ̀ nínú omi. Afẹ́fẹ́ tí ó ń mí jáde ń mú kí omi náà kan, èyí sì ń mú kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀gbin náà wà ní ipò amóníọ̀ọ̀mù, tí oró rẹ̀ kéré. Bí a bá tú àpò, afẹ́fẹ́ náà yóò jáde, pH yóò gòkè, amóníọ̀ọ̀mù yóò sì máa di amóníà olóró. Bí pH bá jẹ́ 7, tí ìgbóná sì jẹ́ 25°C, èyí tí ó jẹ́ amóníà kò tó ìdá 1 nínú 100. Bí pH bá di 8, yóò tó nǹkan bí ìdá 5. Ẹni tí ó bá tú àpò tán tí ó ń kán omi sí i fún wákàtí kan ti fi ẹja rẹ̀ sínú oró. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a ti pèsè omi tí ó jọ èyí tí ẹja ti wá sílẹ̀, kí a fi àpò léfòó nínú táǹkì láìtú u títí ìgbóná yóò fi dọ́gba, kí a wá tú u, kí a fi àwọ̀n gbé ẹja wọlé kíákíá, kí a sì da omi àpò nù. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ ‘amóníà’ fún méjèèjì ti pa ìdí tí a fi ń yára rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni asẹ́. Asẹ́ tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì, èèrí ni ó ń dá dúró, a sì gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ mọ́. Ti inú táǹkì ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bakitéríà tí ń gbé inú fóòmù rẹ̀ ni ó ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà lóró, tí ó sì tún ń sọ ọ́ di náítíréètì, tí oró rẹ̀ kéré jọjọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó ń gbà kí bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó nínú táǹkì tuntun. Ẹni tí ó bá ka ‘asẹ́’ lásán yóò fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, kiloríìnì inú omi náà yóò sì pa wọ́n. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹja tí ó ti la ti àkọ́kọ́ já yóò máa kú. A dábàá asẹ́-ẹlẹ́mìí, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ orúkọ yẹn tí kò ní bèèrè ohun tí ó wà láàyè nínú rẹ̀. Tútù ni kí a gbé e láti táǹkì àtijọ́ sínú tuntun, láìfọ̀ ọ́. Kí a sì ti mú kiloríìnì kúrò nínú omi tuntun náà.

Ní èrò tiwa, kò tó kí ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wé ti èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ó sì fọwọ́ sí i. Kí a fún ẹni tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà tí a kọ, kí ó gbé korobá, kí a sì wo ohun tí yóò ṣe. Bí ó bá fọ asẹ́ náà, àwa ni a ṣi orúkọ sọ.