Èló Ni Afẹ́fẹ́ Lè Fọwọ́ Sọ̀yà Rẹ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Disẹ́ńbà, nígbà tí aago márùn-ún bá kọjá díẹ̀, tí òkùnkùn ti ṣú bo Lọ́ńdọ̀nù, tí òtútù ń ta ni bí abẹ́rẹ́, tí ìyá Ìjẹ̀bú kan ní Peckham sì gbé ẹ̀wà kaná ní wákàtí kan náà tí gbogbo àdúgbò ń se oúnjẹ alẹ́, àkókò yẹn gan-an ni àwọn tí ń ṣọ́ iná mànàmáná ilẹ̀ náà máa ń wojú Ẹ̀fúùfù-lẹ́lẹ́, àlejò tí kì í dágbére fún onílé.

Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ o. Nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 iná tí Bìrìtéènì pèsè ní ọdún 2024 ni ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni iye tí ènìyàn ń pa lọ́dún, ọ̀tọ̀ ni èyí tí yóò bá lápò lọ́jọ́ tí ológò bá dógò tì í. Bí eré afẹ́fẹ́ bá dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ iná náà péré ní í kù, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń kọjá lára abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ tí ń pèsè iná ti dín sí ìdajì, agbára inú èyí tó kọjá náà sì ti dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá ń ka agbára tí wọ́n lè fi búra fún alẹ́ òtútù, nǹkan bí 10 ni wọ́n ń kà fún 100 mẹ́gáwáàtì ti afẹ́fẹ́, tí ti gáàsì ń gba bí 90. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kàn ri òpó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i, kí ó rántí àgbẹ̀ tó bẹ ọ̀wẹ̀ ènìyàn mẹ́wàá láti inú agboolé kan ṣoṣo: bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò yọjú sóko. Bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́rọ́rọ́ kan náà ṣe lè bo Òkun Àríwá àti Jámánì pọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2024, ó gbé owó iná wákàtí kan ní Jámánì kọjá 900 yúrò fún mẹ́gáwáàtì kan. Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ iná, ìgbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ ni fùrọ̀ adìẹ ń hàn.

Ọ̀nà kan láti tọ́jú iná de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ti ibùdó iná Dinorwig: nínú òkè kan ní Wales, láti ọdún 1984, bí iná bá ṣẹ́kù lóru, wọ́n á fi fa omi lọ sí adágún òkè. Bí iná bá wọ́n, wọ́n á tú u sílẹ̀, nǹkan bí 1,700 mẹ́gáwáàtì a sì dé kí kẹ́tùlù tó hó. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni omi yìí fi ń tán, ìdákẹ́rọ́rọ́ afẹ́fẹ́ a sì máa gba ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà ni àwọn ẹ̀rọ gáàsì ṣe ṣì wà nídùúró, tí wọ́n ń sanwó fún wọn láti máa retí. Gáàsì tí afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n sun ni èrè, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò tíì ṣeé tà.