Dísìkì tó yẹ sáfà Unix: Ohun tó yẹ kí olùrà mọ̀ kó tó náwó

Unix, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Bell Labs, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1969, jẹ́ ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí sáfà tó ń lò ó bá ń fa ẹsẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí dísìkì ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ náà ti ń ṣẹlẹ̀.

Irú iṣẹ́ tí sáfà yóò ṣe ni olùrà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Dísìkì tó ń yí nígbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan kò yí ju ìgbà 120 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohun tí wọ́n ń béèrè bá fọ́n káàkiri ojú rẹ̀, orí tó ń kà á yóò máa sáré síwá sẹ́yìn, àwọn tó kù yóò sì máa dúró. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju èkejì lọ. Fídíò àti ẹ̀dà ìpamọ́ lè wà lórí dísìkì tó ń yí. Àkọsílẹ̀ oníbàárà ló tọ́ sí SSD.

Ọ̀nà tí dísìkì ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ló kàn. Ẹ̀yà kẹta SATA ń gbé gigabit 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìlà kan tí kò gbà ju ìbéèrè 32 lọ ló sì ní. Èyí tó fún dísìkì tó ń yí. SAS ní ẹnu méjì: bí ọ̀nà kan bá bàjẹ́, èkejì yóò máa ṣiṣẹ́. Káàdì SAS ń gba dísìkì SATA, ṣùgbọ́n káàdì SATA kì í gba dísìkì SAS. Ìlànà NVMe, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2011, fàyè gba ìlà tó lé ní 60,000. SSD ló dára fún jù.

Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ lójijì, bíi Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tún ju eré sísá lọ. Dísìkì mìíràn máa ń dáhùn pé òun ti kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí kò tíì kọ ọ́ tán. SSD tí wọ́n ṣe fún sáfà sábà máa ń ní kápásítọ̀ tí iná inú rẹ̀ tó láti parí iṣẹ́ náà.

Lọ́dún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley ṣàlàyé RAID, ìyẹn kíkó dísìkì jọ kí ikú ọ̀kan má baà dá iṣẹ́ dúró. RAID 5 lè fara da ikú dísìkì kan. RAID 6 lè fara da ti méjì. Bí dísìkì terabyte 16 bá kú, tí wọ́n ń tún un kọ ní megabyte 200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gbà tó wákàtí 22. Bí òmíràn bá kú láàárín àkókò náà, RAID 5 ti parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí RAID 6 fi yẹ dísìkì ńláńlá.

Síbẹ̀, RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Fáìlì tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa rẹ́ ti pa rẹ́ lórí gbogbo dísìkì. Ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ sórí eré sísá, tí kò ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ẹ̀dà tí yóò wà níbòmíràn, kò tíì ra sáfà tán.